ẸJA TÓ WÀ LÓRÍ OWÓ WA

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àgbà sọ ní Banigbé, ní Ìfọ̀nyìn (Ifangni)

   Ẹni tó ti oko tàbí ọjà dé, tó tún jókòó láti kàwé, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Orí yóò gbè yín.

Ọ̀rọ̀ òkun ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á máa sọ nínú ara rẹ̀ pé: "Kí ló kan ará Banigbé nínú ọ̀rọ̀ òkun? Àgbẹ̀ ni wá. Ọ̀pẹ, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni tiwa. Ọ̀nà Kútọnu ni òkun wà." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òkun ti wọ ilé wa tipẹ́. Ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀ wa. Ó sì wà nínú àpò wa. Ẹ jẹ́ ká ti inú àpò bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá ní owó ẹyọ sẹfá lọ́wọ́, kó mú un jáde. Kó mú 100 faranki. Ẹ wò ó dáadáa. Ní ojú kan, wọ́n kọ iye owó síbẹ̀. Ní ojú kejì, ẹ ó rí ohun kan tí wọ́n fi ọnà ṣe lára. Ẹja ni.

Báwo ni ẹja ṣe dé orí owó? Ní ayé àtijọ́, eruku wúrà ni àwọn Akan, ní ilẹ̀ Ghana àti Côte d'Ivoire, fi ń ná ọjà. Idẹ kéékèèké ni wọ́n fi ń wọn wúrà náà. Wọ́n a ṣe idẹ òmíràn bí ẹyẹ, wọ́n a ṣe òmíràn bí ẹranko, wọ́n a ṣe òmíràn bí ẹja. Ọ̀kan nínú àwọn idẹ ìwọn-wúrà náà, èyí tó jẹ́ ẹja, ni BCEAO mú ṣe àmì rẹ̀. BCEAO ni ilé ìfowópamọ́ àgbà tó ń tẹ owó fún orílẹ̀-èdè 8: Benin, Togo, Burkina Faso, Mali, Niger, Senegal, Côte d'Ivoire àti Guinea-Bissau. Àmì náà wà lára owó ẹyọ, ó wà lára owó bébà pẹ̀lú. Wọ́n ní ó dúró fún ọ̀pọ̀ ọmọ àti ọrọ̀.

Ẹja wo gan-an ni? Ẹja kan tí imú rẹ̀ gùn jáde bí ayùn ni. Àwọn Faransé ń pè é ní poisson-scie. Nínú ọ̀rọ̀ wa yìí, a ó máa pè é ní ẹja alayùn.

Wàyí o, ta ni nínú yín tó ti fi ojú ara rẹ̀ rí ẹja alayùn rí, ní tútù tàbí ní gbígbẹ? Bí ẹ kò bá rí i rí, ẹ̀yin nìkan kọ́. Nígbà tí àwọn olùwádìí lọ bá àwọn apẹja sọ̀rọ̀ ní Senegal àti Gambia, àwọn àgbàlagbà ló mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní àwọn rí i nígbà èwe àwọn. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ apẹja kò rí i rí láyé wọn.

Ṣé ẹ rí ọ̀rọ̀ náà? Ẹja tí gbogbo wa ń ná lójoojúmọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nínú omi. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò nìyẹn: kí ni ó túmọ̀ sí kí irú ẹ̀dá kan tán nínú òkun, kí sì ni ó kan àwa tí a ń gbé òkè ilẹ̀ níhìn-ín?

KÍ NI À Ń PÈ NÍ IRÚ?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní irú. Ewúrẹ́ jẹ́ irú kan. Àgùntàn jẹ́ irú mìíràn. Ewúrẹ́ dúdú àti ewúrẹ́ funfun, irú kan náà ni wọ́n. Wọ́n lè gun ara wọn, kí wọ́n bímọ, kí ọmọ náà sì bí ọmọ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kì í bí àgùntàn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú omi. Ẹpìyà kì í bí àrọ̀. Akàn kì í bí edé. Olúkúlùkù pẹ̀lú irú tirẹ̀.

Àwọn onímọ̀ pín ọ̀rọ̀ oríṣiríṣi ẹ̀dá alààyè sí ọ̀nà mẹ́ta.

Ìkíní ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín irú kan náà. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ èyí dáadáa. Ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan ń tètè ta, òmíràn ń pẹ́. Ọ̀kan fara da ọ̀dá, òmíràn kò lè fara dà á.

Ìkejì ni iye irú tó wà: ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ẹ̀wà, iṣu, ọ̀pẹ.

Ìkẹta ni iye ibùgbé tí àwọn ẹ̀dá ń gbé. Nínú ọ̀rọ̀ omi, òkun jíjìn jẹ́ ibùgbé kan, etí òkun jẹ́ òmíràn, ọ̀sà jẹ́ òmíràn, igbó ẹ̀gbà tó wà létí ọ̀sà jẹ́ òmíràn.

Ìkejì, èyíinì iye irú, ni ọ̀rọ̀ tòní dá lé.

Ẹ má jẹ́ ká da iye orí pọ̀ mọ́ iye irú o. Bí ọkùnrin kan bá ní àgùntàn 100, orí ẹran rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n irú kan ṣoṣo ló ní. Ọjọ́ tí àrùn àgùntàn bá wọ ìlú, ọwọ́ rẹ̀ lè ṣófo. Ìyá kan tó ní àgùntàn 10, ewúrẹ́ 10, adìẹ 30 àti pẹ́pẹ́yẹ díẹ̀, orí ẹran tirẹ̀ kò pọ̀ tó ti ọkùnrin yẹn. Síbẹ̀ àrùn kan kò lè kó gbogbo rẹ̀ lọ lójú kan. Irú tó pọ̀ ni ààbò rẹ̀.

Bákan náà ni òkun. Òkun tó kún fún irú ẹja kan ṣoṣo lè ṣófo lọ́jọ́ kan. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé igi kan kì í dá igbó ṣe. Ẹja kan náà kì í dá òkun ṣe.

IRÚ MÉLÒÓ LÓ WÀ NÍNÚ ÒKUN?

Láti ọdún 2000 sí ọdún 2010, àwọn onímọ̀ tó tó 2,700, láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 80, pawọ́ pọ̀ láti ka irú àwọn ẹ̀dá tó wà nínú òkun káàkiri ayé. Lónìí, irú tí àwọn onímọ̀ ti fún lórúkọ tó nǹkan bí 240,000. Ẹja wà níbẹ̀, akàn wà níbẹ̀, edé wà níbẹ̀, òkòtó wà níbẹ̀. Ìjàpá òkun wà níbẹ̀, àbùùbùtán wà níbẹ̀. Ewéko wà níbẹ̀, àti àwọn ẹ̀dá tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí.

Ẹ má rò pé ó parí síbẹ̀. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ kan ṣírò rẹ̀ pé irú tó wà nínú òkun yóò tó mílíọ̀nù 2 àti 200,000. Ìyẹn ni pé nínú irú mẹ́wàá tó ń gbé inú òkun, bóyá ọ̀kan péré ni ọmọ aráyé tíì mọ orúkọ rẹ̀. Irú kan lè wá sáyé, kó gbé ayé, kó sì tán, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó wà.

Etí òkun tiwa ní Benin kò gùn. Láti ààlà Togo dé ààlà Nigeria, nǹkan bí 120 kìlómítà ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sí èbúté àwọn apẹja ní Kútọnu ní àárọ̀, kí ẹ wo ohun tó ń ti inú ọkọ̀ ojú omi jáde: ṣawa, kuta, òbòkún, ekurá, akàn, edé, àti ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn. Nínú irú ìjàpá òkun 7 tó wà ní gbogbo ayé, ó kéré tán 4 ni wọ́n ti rí ní omi Benin. Láàárín oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá, àbùùbùtán máa ń ti òkun tútù ìsàlẹ̀ ayé wá sí ẹkùn omi wa láti bímọ. Àlejò ńlá ni, ọ̀pọ̀ wa kò sì mọ̀ pé ó ń wá kí wa.

IṢẸ́ TÍ OLÚKÚLÙKÙ Ń ṢE

Kò sí irú kan tó wà nínú òkun lásán. Olúkúlùkù ló ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí a ti ń pín iṣẹ́ nínú agbo ilé.

Àwọn ewéko tíntìntín tó ń léfòó lójú omi ni ìpìlẹ̀ oúnjẹ. Oòrùn ni wọ́n fi ń dàgbà, gẹ́gẹ́ bí àgbàdo oko. Àwọn ẹ̀dá kéékèèké ń jẹ wọ́n. Ṣawa ń jẹ àwọn ẹ̀dá kéékèèké náà. Kuta ń jẹ ṣawa. Àwa ń jẹ ṣawa, a sì ń jẹ kuta. Bí ewéko tíntìntín bá tán, ọbẹ̀ Banigbé náà á kan. Iṣẹ́ wọn kò sì mọ síbẹ̀. Nínú gbogbo afẹ́fẹ́ tútù tí ewéko ayé ń tú jáde fún wa láti mí, nǹkan bí ìdajì ló ń ti inú òkun wá. Ẹni tí kò rí òkun rí ń mí afẹ́fẹ́ òkun.

Akàn àti edé ni agbálẹ̀ omi. Wọ́n ń jẹ ohun tó ti kú, kí ó má baà rà kí ó sì ba omi jẹ́.

Ìjàpá òkun tó tóbi jù lọ ń jẹ ẹ̀dá kan tó rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, tí ara rẹ̀ ń ta ènìyàn bí ewé èèsì. Ẹ̀dá náà máa ń jẹ ọmọ ẹja. Nígbà tí ìjàpá òkun bá jẹ ẹ́, ó ń dáàbò bo ọmọ ẹja láìmọ̀.

Ekurá ni ọdẹ inú òkun. Ẹja tó ṣàìsàn, ẹja tó rẹ̀, òun ni ó kọ́kọ́ ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni àrùn kò fi ń ràn ká. Àwọn baba wa mọ agbára rẹ̀. Ọba Gbẹ̀hánzìn ti Dànhọ̀mẹ̀ fi ekurá ṣe àmì ara rẹ̀. Ère rẹ̀, ìdajì ènìyàn, ìdajì ekurá, wà lára ohun 26 tí ìjọba Faransé dá padà fún Benin ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Ère ti padà wá sílé, ṣùgbọ́n ekurá fúnra rẹ̀ ń dín kù. Nínú gbogbo irú ekurá àti àwọn ìbátan rẹ̀ láyé, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta tó wà nínú ewu ìparun. Ẹja alayùn wà lára àwọn ìbátan náà.

BÍ ẸJA ALAYÙN ṢE Ń TÁN LỌ

Ẹja alayùn tóbi. Ó lè gùn ju mítà 6 lọ. Bí ẹ bá to géńdé mẹ́ta sílẹ̀ ní orí dé ẹsẹ̀, wọn ò tíì gùn tó o. Irú 5 ni ó ní ní gbogbo ayé, 2 nínú wọn sì jẹ́ ti etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Eyín wà ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ayùn rẹ̀. Ó ń fi ayùn náà wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀, ó sì ń fi gbá ẹja kéékèèké kó tó gbé wọn mì. Kì í fẹ́ jìnnà sí ilẹ̀. Ẹnu odò, ọ̀sà àti ibi tí omi kò jìn ni ó fẹ́ràn.

Kí ló wá ṣe é? Ohun mẹ́rin ni.

Ìkíní, kì í bímọ púpọ̀. Wọ́n fi ṣe àmì ọ̀pọ̀ ọmọ lórí owó, ṣùgbọ́n òun gan-an kì í yé ẹyin ẹgbẹẹgbẹ̀rún bíi ti ẹja mìíràn. Ọmọ díẹ̀ ni ó ń bí, láàyè. Ọmọ náà á tún lo ọ̀pọ̀ ọdún kó tó dàgbà tó ẹni tó ń bímọ. Bí a bá ń pa á yára ju bó ti ń bí lọ, ó di dandan kó tán.

Ìkejì, ayùn rẹ̀ ló ń pa á. Nígbà tí àwọ̀n náílọ̀nù gba etí òkun kan, eyín ayùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í há sínú àwọ̀n. Apẹja lè má wá a rárá. Ẹja mìíràn ló dẹ àwọ̀n fún. Ṣùgbọ́n bí ẹja alayùn bá ti gba ibẹ̀ kọjá, ó ti há nìyẹn.

Ìkẹta, owó wọ ọ̀rọ̀ náà. Àwọn oníṣòwò ń ra lẹbẹ ekurá àti lẹbẹ ẹja alayùn lówó iyebíye láti kó lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà, níbi tí wọ́n ti ń fi se ọbẹ̀ àsè. Wọ́n tún ń ra ayùn rẹ̀ láti fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé.

Ìkẹrin, ibi tí ó ń tọ́ ọmọ sí ń bàjẹ́. Igbó ẹ̀gbà ni ilé ìtọ́jú ọmọ fún ọ̀pọ̀ ẹja. Gbòǹgbò rẹ̀ tó wà nínú omi ni ọmọ ẹja fi ń sá pamọ́. Ṣùgbọ́n a ń gé e láti fi yan ẹja. Ní agbègbè Wídà, wọ́n ń gé e láti fi se iyọ̀ pẹ̀lú.

Láti ọdún 2013, àdéhùn gbogbo ayé ti fi òfin de kíkó irú ẹja alayùn èyíkéyìí láti orílẹ̀-èdè kan lọ tà ní òmíràn. Òfin náà dára. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ibi ní etí òkun wa, ó pẹ́ kó tó dé.

OHUN TÓ TI ṢẸLẸ̀ SÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN

Ẹ lè bi mí pé: "Ǹjẹ́ òkun tó tóbi tó yìí lè gbẹ ẹja?" Ẹ jẹ́ ká wo ilẹ̀ Kánádà. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí àwọn Faransé ń pè ní morue. Ẹ mọ̀ ọ́n. Òun ni ẹja gbígbẹ líle tí wọ́n ń kó wá láti Norway sí ọjà Nigeria, tí àwọn Ìgbò ń pè ní okporoko. Fún nǹkan bí 500 ọdún ni wọ́n ti ń pa ẹja yìí ní etí òkun Newfoundland ní Kánádà. Wọ́n rò pé kò lè tán láé. Ọkọ̀ ńláńlá dé, wọ́n ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun tọ̀sán tòru. Ní ọdún 1992, ẹja ò sí mọ́. Ìjọba Kánádà ti ibi ìpẹja náà pa. Nǹkan bí 30,000 ènìyàn pàdánù iṣẹ́ wọn. Ìjọba rò pé ọdún 2 ni àwọn yóò fi tì í. Ó di ọdún 2024 kí wọ́n tó gbé òfin náà kúrò, ẹja náà kò sì tíì pọ̀ bíi ti àtijọ́.

Ẹ kíyè sí i: irú ẹja náà kò tilẹ̀ parun. Ó dín kù ni. Èyí tó parun ńkọ́? Ní ọdún 1741, àwọn awakọ̀ òkun rí ẹranko ńlá kan nínú òkun tútù tó wà láàárín Rọ́ṣíà àti Amẹ́ríkà. Ewéko òkun ni ó ń jẹ, kì í bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹran rẹ̀ dùn. Nígbà tó fi máa di ọdún 1768, wọ́n ti pa gbogbo rẹ̀ tán. Ọdún 27 péré. Kò sí owó tó lè rà á padà. Kò sí ọba tó lè pàṣẹ kó padà wá.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹja tó wọ́n àti irú tó tán nìyẹn. Ẹja tó wọ́n lónìí lè pọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Irú tó bá tán ti tán nìyẹn.

OHUN TÍ A ṢỌ́ LÈ PADÀ

Ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín bàjẹ́. Ìròyìn ayọ̀ náà wà. Ẹ gbọ́ orúkọ àbùùbùtán: a bù ú, a bù ú, kò tán. Àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ rò pé ẹran rẹ̀ kò lè tán. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí 100 ọdún sẹ́yìn, àwọn ọkọ̀ ọdẹ láti ilẹ̀ òyìnbó fi ìbọn ọ̀kọ̀ pa á tó bẹ́ẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parun. Irú tó ń wá bímọ ní omi wa wà lára wọn. Nígbà tó yá, àwọn orílẹ̀-èdè jókòó, wọ́n sọ̀rọ̀. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, wọ́n fi òfin de pípa irú yẹn. Ní ọdún 1986, wọ́n dáwọ́ pípa gbogbo àbùùbùtán fún òwò dúró, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orílẹ̀-èdè díẹ̀ kò gbà. Kí ni ẹ rò pé ó ṣẹlẹ̀? Irú náà pọ̀ padà. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gbé etí òkun wa fi lè rí i tó ń fò sókè lójú omi ní oṣù kẹsàn-án.

Nítorí náà, ohun tó kù, bó ti wù kó kéré tó, bí a bá ṣọ́ ọ, ó lè padà. Ohun tó tán nìkan ni kì í padà.

KÍ LÓ KAN BANIGBÉ?

Ẹnìkan lè sọ pé: "Ebi ń pa ọmọ mi lónìí. Ẹja tí owó mi ká ni mo rà. Ṣé èmi ni mo pa ẹja òkun tán?" Ìbéèrè gidi ni, kò sì yẹ ká fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyá tó ń ra ẹja 500 faranki kọ́ ló pa òkun run. Ọkọ̀ ńláńlá tó ń wọ́ àwọ̀n nísàlẹ̀ òkun, tí púpọ̀ nínú wọn wá láti òkèèrè, ń kó ju ohun tí ọkọ̀ apẹja wa lè kó lọ. Ìjọba ló ni iṣẹ́ àti ṣọ́ àwọn yẹn. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tó wà lọ́wọ́ àwa náà. Ẹni tó ń rà ló ń sọ fún ẹni tó ń pa pé kó tún lọ pa sí i.

Ẹ jẹ́ ká ka ohun tí a lè ṣe.

1. Ẹ má ra ọmọ ẹja. Nígbà míràn, ẹ ó rí ẹja yíyan kéékèèké tí ogún wọn kò kún àtẹ́lẹwọ́. Ọmọ ẹja ńlá wà nínú wọn, tí wọn kò tíì bímọ lẹ́ẹ̀kan. Àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré jù ni wọ́n fi pa wọ́n. Òfin ìpẹja Benin, òfin 2014-19 ti ọjọ́ 7 oṣù kẹjọ ọdún 2014, wà láti tọ́jú ẹja inú òkun àti ti inú ọ̀sà. Bí kò bá sí ẹni tó ń ra ọmọ ẹja, apẹja á pààrọ̀ àwọ̀n rẹ̀.

2. Ẹ má jẹ ìjàpá òkun, ẹ má ra ẹyin rẹ̀. Ìjàpá òkun kan lè yé nǹkan bí 100 ẹyin sínú yanrìn lẹ́ẹ̀kan. Nínú ẹgbẹ̀rún ọmọ tó bá pa, bóyá ọ̀kan ló ń dàgbà. Òfin 2002-16, tí wọ́n fi lélẹ̀ ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún 2004, dáàbò bò ó. Ẹni tó bá tà á ti rú òfin.

3. Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rá. Ọ̀rá tí a jù sílẹ̀ ní Banigbé kì í dúró ní Banigbé. Òjò á gbá a lọ síbi tí ilẹ̀ ti rẹlẹ̀. Odò á gbé e dé ọ̀sà Àjàṣẹ́. Láti ibẹ̀, á dé adágún Nokoué, á sì gba ẹnu omi Kútọnu bọ́ sínú òkun. Nínú omi, ọ̀rá funfun jọ ẹ̀dá rírọ̀ tí ìjàpá òkun ń jẹ. Ìjàpá á gbé e mì, ọ̀rá á dí ìfun rẹ̀, á sì kú. Òfin 2017-39 ti ọjọ́ 26 oṣù kejìlá ọdún 2017 ti ka ọ̀rá tí kì í jẹrà léèwọ̀ ní Benin. Ẹ mú agbọ̀n tàbí àpò aṣọ lọ sí ọjà.

4. Ẹ̀yin àgbẹ̀, ẹ má fọ ẹ̀rọ tí ẹ fi ń fọ́n oògùn oko sínú odò. Oògùn tó ń pa kòkòrò oko ń pa edé àti ọmọ ẹja. Ọ̀pọ̀ edé àti ẹja òkun, inú ọ̀sà ni wọ́n ti ń gbé ìgbà èwe wọn kí wọ́n tó padà sínú òkun. Ẹni tó ba odò jẹ́ ti ba òkun jẹ́.

5. Ẹ jẹ oríṣiríṣi. Bí gbogbo ìlú bá ń béèrè irú ẹja kan ṣoṣo, irú yẹn ni wọn yóò pa tán. Ẹ ra òmíràn. Ẹni tó bá ní ilẹ̀ àti omi, kó gbẹ́ kòtò, kó sin àrọ̀ tàbí ẹpìyà. Á rí jẹ, á rí tà, òkun náà á sì sinmi díẹ̀.

6. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èyí kan ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ gan-an. Nísinsìnyí tí ẹ ti mọ̀ọ́kọ, tí ẹ ti mọ̀ọ́kà, ẹ mú ìwé, ẹ lọ bá àwọn ìyá tó ti ń ta ẹja tipẹ́, ẹ lọ bá àwọn àgbàlagbà tó ti gbé Àjàṣẹ́ tàbí etí ọ̀sà rí. Ẹ bi wọ́n pé: orúkọ ẹja mélòó ni ẹ mọ̀? Èwo ni ẹ ń rí látijọ́ tí ẹ kò rí mọ́? Ọdún wo ni ẹ rí i kẹ́yìn? Ẹ kọ orúkọ náà ní èdè wa. Nígbà tí irú ẹja kan bá tán, orúkọ rẹ̀ ń bá àgbà tó mọ̀ ọ́n lọ. Ọmọ tí kò gbọ́ orúkọ ẹja kan rí kò ní mọ̀ pé ohun kan sọnù. Ohun tí a kò bá sì mọ̀ pé ó sọnù, ta ni yóò wá a?

Ẹ̀yin ará mi, àwọn àgbà máa ń sọ pé àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Àwọn Gá àti àwọn Fante ní Ghana mọ èyí. Láti ayé baba wọn, wọn kì í lọ sí òkun ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ní ọjọ́ ìsinmi òkun ni. Wọn kò nílò ìwé kí wọ́n tó mọ̀ pé ohun tí a ń jẹ yẹ kó sinmi. Àwa tí a wá ní ìwé báyìí, ẹ má jẹ́ kí ìmọ̀ tiwa kéré sí tiwọn.

 Ẹ mú ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí, kí ẹ jíròrò lórí rẹ̀ kí ẹ tó tú ká. Ọlọ́run á jẹ́ kí àwọn ọmọ wa bá ẹja nínú omi. Ire o.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín iye orí ẹja àti iye irú ẹja? Ẹ fi ẹran ọ̀sìn ṣe àpẹẹrẹ.
2. Ẹ sọ ohun mẹ́rin tó fà á tí ẹja alayùn fi ń tán lọ.
3. Kí nìdí tí àbùùbùtán fi pọ̀ padà, tí ẹranko òkun ti ọdún 1768 kò fi lè padà?
4. Ẹ tọpa ọ̀rá kan láti ọjà wa títí dé òkun. Ibo ni a ti lè dá a dúró?
5. Ẹ kọ orúkọ ẹja mẹ́wàá tí ẹ mọ̀. Ẹ fi àmì sí èyí tí ẹ kò rí ní ọjà mọ́.